Fóònù kan, ọmọ 50

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Wọ́n ní ní Finland, àwọn ọmọ máa ń bá olùkọ́ gbèrò ẹ̀kọ́. Ọmọ 50 ni mo ní, fóònù kan péré. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Láti 2016, ìlànà wọn ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ kan, ó kéré tán, lọ́dọọdún, tó pa oríṣiríṣi ẹ̀kọ́ pọ̀, kí àwọn ọmọ sì lọ́wọ́ sí ètò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ọ̀rọ̀, bí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ 10. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè 3 kí fóònù tó jáde. Bí fóònù bá ṣáájú ìbéèrè, àwòrán lásán ni wọn yóò kó wá. Ìṣẹ́jú 5 ni kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lò. Ní Finland pàápàá, láti oṣù kẹjọ 2025, òfin ò fàyè gba fóònù lásìkò ẹ̀kọ́ àfi bí olùkọ́ bá yọ̀ǹda.