Bíà kan náà, adùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ṣé ìgò ló yí padà ni àbí ẹnu?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀jọ́ọ̀ ni mò ń gbé, mo sì máa ń pọn bíà fúnra mi nílé. Ìkòkò kan ni mo rọ sínú nǹkan bí ogójì ìgò, ọjọ́ kan náà ni mo dé gbogbo wọn. Èyí tí mo ṣí lọ́jọ́ Ẹtì dùn débi pé mo pe aládùúgbò wá tọ́ ọ wò. Ti ọjọ́ Àìkú korò, ó tún dà bíi pé ó fẹ́ kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún dùn padà. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni mo dì mú. Bí kòkòrò tó ń sọ ọtí di kíkan bá ti wà nínú ìkòkò kó o tó rọ ọ́, gbogbo ìgò ni ì bá kan, wọn ì bá sì máa kan sí i lójoojúmọ́. Àfi bó bá jẹ́ pé ìgò ọjọ́ Àìkú nìkan ni o kò fọ̀ dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu rẹ ni kí o kọ́kọ́ fura sí.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tọ́ ọtí wò gbowó. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọtí wò fẹnu kan ata. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo yọ́ lọ jẹ àmàlà ní Mọ́kọ́lá, ata ọbẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Mo padà dé, mo ní gáàsì ti pọ̀ jù nínú ọtí. Ọtí tí èmi fúnra mi ti fọwọ́ sí láàárọ̀ ni! Ibi tí ata ti ń ta èèyàn lẹ́nu náà ni gáàsì inú bíà ti ń ta á.

Ọṣẹ ìfọyín tún burú ju ata lọ. Ohun tó ń mú un hó máa ń pa adùn ṣúgà lórí ahọ́n, á wá gbé ìkorò síta. Pákò náà kò ṣeé fọkàn tán, pàápàá orin àtà tó ń ta lẹ́nu. (Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí lè dé, kó jẹ agbáyun kan, kó wá mu ọtí tó ti kan. Á búra pé wọ́n fi oyin sí i.) Bí ọyẹ́ bá sì ti fún ọ ní ọ̀fìnkìn, má wulẹ̀ dá ọtí kankan lẹ́jọ́, torí imú ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní adùn.

Ṣé iná wà lọ́jọ́ Ẹtì? Bíà tó tutù bíi yìnyín kì í jẹ́ kí ahọ́n mọ ṣúgà, òórùn rẹ̀ kì í sì í jáde. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo àbùkù rẹ̀ á hàn. Máa tọ́ ọ wò ní nǹkan bíi 10 sí 12 dígíríì nígbà gbogbo.

Mi ò ní ìgò kò lè jẹ̀bi o. Bí o kò bá ro ọtí pọ̀ dáadáa mọ́ ṣúgà tí o fi sí i kó lè hó, ìgò kan á ru jáde, òmíràn á tẹ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò, ìwúkàrà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí o bá gbọn ìgò kó o tó dà á sínú ife, ó lè korò lẹ́nu rẹ. Bí o bá fi hops (òdòdó kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà) pọn ọ́n, tí oòrùn sì kan ìgò aláwọ̀ ewé lójú fèrèsé, wákàtí díẹ̀ ti tó kó máa rùn bí ẹtà.

Bí o ṣe máa mọ èyí tó jẹ̀bi nìyí. Gbé ìgò méjì tí o ń fura sí sínú fíríjì kan náà mọ́jú. Kí ẹlòmíràn bu wọ́n sínú ife mẹ́ta níbi tí o kò ti ní rí i: méjì láti inú ìgò kan, ẹ̀kẹta láti inú ìgò kejì. Di ojú rẹ, tọ́ wọn wò, kí o sọ èyí tó yàtọ̀. Kí ó máa yí ipò àwọn ife padà, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹni tó kàn ń méfò lásán lè gba nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí o bá gbà á ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ìgò náà yàtọ̀ síra lóòótọ́; kọ èyí tó burú sílẹ̀ fún mi, bó ṣe rùn àti bó ṣe hó nígbà tí o ṣí i, ká wá mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.