Èsì: Ṣé ẹni tó pẹ́ ní minor league fi ayé ẹ̀ ṣòfò ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ẹni tó gbá baseball ní minor league (àwọn líìgì kékeré tó wà lábẹ́ major league, líìgì tó ga jù) fún bí ogún ọdún kàn fi ayé ẹ̀ ṣòfò ni, èmi ò gbà rárá o. Ẹ wo Mike Hessman, ẹgbẹ́ Braves ti major league ló mú un ní 1996, eré 109 péré ló gbá ní major league, home run 14 (ìyẹn ni kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá), àmọ́ ní minor league 433 ni, kò sẹ́ni tó jù ú lọ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2015 ló kọjá Buzz Arlett, ẹni tí home run ẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Hessman ti pé ẹni ọdún 37 nígbà yẹn, jẹ́sì Toledo Mud Hens, ẹgbẹ́ minor league kan, ló wà lọ́rùn ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ti wà lórí base mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló bá gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà! Akin nirú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Ó tún bá Amẹ́ríkà gba bronze ní Olympics Beijing 2008, ẹ má gbàgbé ìyẹn.