Ilẹ̀kùn họ́ọ̀lù wa kì í padé tí ọyẹ́ bá ti dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Èmi ni akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ní Ìkòròdú. Họ́ọ̀lù kan la jọ ń lò, àwa lánlọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ tó ń ṣe lẹ́sìn, àtàwọn ìyá àgbà tó ń dá àjọ níbẹ̀ ní Sátidé. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ẹni bá wọlé á kàn fi ilẹ̀kùn ìta sílẹ̀ gbayawu ni, eruku á bo àga, àwọn ìyá á máa wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà ní họ́ọ̀lù tiwọn, ìwé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé ẹ tilẹ̀kùn nítorí owó hítà, mo lẹ tèmi náà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn kan ti ní ká máa gba owó ìtanràn. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò, akọ̀wé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti owó ìtanràn sílẹ̀ ná, ẹ lọ wo ilẹ̀kùn yẹn fúnra yín, ẹ tì í kí ẹ wò ó bóyá ahọ́n kọ́kọ́rọ́ ń dé inú ihò ẹ̀. Tó bá jẹ́ pákó ni, òjò inú oṣù kẹfà sí keje máa ń wú u, á há, wọ́n á pe káfíńtà, káfíńtà á fá etí ẹ̀, gbogbo ayé á dúpẹ́. Ìgbà tí ọyẹ́ bá wá gbẹ omi ara pákó náà tán, á sún kì, á wá kéré sí férémù. Tilé tiwa ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àlàfo abẹ́ ẹ̀ tó ìka ọwọ́ mi, eruku tó gbabẹ̀ wọlé sì to ìlà sórí táìsì bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Àwọn èèyàn yín lè máa tì í, kó tún máa ṣí ara ẹ̀ o.

Kí káfíńtà kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí ẹ̀, kó fi rọ́bà sí ìsàlẹ̀, kó sì de sípíríǹgì mọ́ ọn tí á máa dá a padà. Kí wọ́n kùn ún lọ́dà yíká, títí kan orí àti ìdí ẹ̀ tí káfíńtà kì í sábà kùn, ibẹ̀ lomi ń gbà wọ inú pákó.

Ti Kánádà yàtọ̀ sí tiwa sha. Ooru ni wọn ò fẹ́ kó jáde, eruku làwa ò fẹ́ kó wọlé. Láti Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń bọ̀, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, apá Ṣàgámù ló sì ń gbà wọ Ìkòròdú, kì í ṣe apá ọ̀sà. Tí họ́ọ̀lù yín bá ní ilẹ̀kùn méjì, èyí tó kọjú sí ọ̀sà ni kẹ́ ẹ máa lò, kí fèrèsé apá ibẹ̀ náà wà ní ṣíṣí, torí oòrùn ọ̀sán ọyẹ́ le gan-an, téèyàn bá sì pọ̀ nínú ilé tó tì pa, ẹ̀mí á máa há wọn.

Ohun méjì tí mò ń bẹ̀ yín sí: ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà tàbí abẹ́ fèrèsé, èéfín ẹ̀ ń pani. Ẹ má sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn nígbà téèyàn wà nínú họ́ọ̀lù, nítorí iná.

Ní Sátidé, kí wọ́n má gbálẹ̀ gbígbẹ rárá, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé fi aṣọ tútù nu àwọn àga náà kí àwọn ìyá tó jókòó.