Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni àbí kọ̀ǹpútà?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìsánlú tí mo ti ń fi orin àti ìwàásù sí fíláàṣì fún àwọn ènìyàn. Kọ̀ǹpútà mi, èyí tó máa ń wà lórí tábìlì, ti pẹ́. Windows XP ló wà lórí rẹ̀. Mo ra módẹ́ẹ̀mù kan tí wọ́n kọ 42 Mbps sí lára, ṣùgbọ́n bí mo bá ń dáńlóòdù, 900 KB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo máa ń rí, kì í kọjá bẹ́ẹ̀, àní lóru pàápàá. Ṣé ẹni tó tà á fún mi ti rẹ́ mi jẹ ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní háàdì dísíìkì mi ló ti gbó, pé kí n ra òmíràn. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé fídíò 700 MB máa ń gba ìṣẹ́jú méjìlá kó tó wọ fíláàṣì tán.

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, òkun o. Ẹ má tíì ra háàdì dísíìkì, ẹ má sì tíì bá ẹni tó ta módẹ́ẹ̀mù jà. Ìṣẹ́jú méjìlá tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn gan-an ni mo dì mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ lẹ́tà b. Nínú Mbps, b kékeré ni. Bíìtì ló dúró fún. Nínú MB, B ńlá ni; báìtì nìyẹn. M jẹ́ mílíọ̀nù kan, k tàbí K jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, ps sì ni “ní ìṣẹ́jú àáyá kan”. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Bíìtì ni àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kà, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò gba orí wáyà kọjá. Báìtì ni àwọn tó ń ṣe dísíìkì àti fíláàṣì ń kà. Ó dà bí ẹni méjì tó ń ka iṣu kan náà ní ọjà Kábà, tí ọ̀kan ń kà á lẹ́yọ, tí èkejì sì ń dì í ní mẹ́jọ-mẹ́jọ kó tó kà á. Nítorí náà, ẹ fi mẹ́jọ pín 42: 5.25 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ibi tó ga jù tí módẹ́ẹ̀mù yẹn lè dé nìyẹn, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Nígbà tí mo ṣí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kábà, díìṣì la fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, 512 kbps. Mo rò pé ìdajì MB ni, mo sì sọ fún oníbàárà kan pé fáìlì rẹ̀, 700 MB, yóò ti délẹ̀ kó tó ra iṣu lọ́jà dé. Wákàtí mẹ́ta ló gbà. 64 KB péré ni 512 yẹn. Mo ti fi ìbínú sọ̀rọ̀ sí ẹni tó gbé díìṣì náà wá kí n tó mọ̀, mo sì ní láti lọ bẹ̀ ẹ́.

Wàyí o, ti yín. 900 KB lọ́nà mẹ́jọ, 7.2 Mbps nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń rìn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo fídíò yẹn: 700 MB ní ìṣẹ́jú méjìlá, ó lé díẹ̀ ní 970 KB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan láàárín kọ̀ǹpútà yín àti fíláàṣì. Kí ló wá dé tí ìrìn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba? Ihò kan náà ni wọ́n ń gbà. Ihò USB ni, ibi tí ẹ ti ń ki módẹ́ẹ̀mù àti fíláàṣì bọ ara kọ̀ǹpútà.

USB 1.1, tó jáde ní 1998, kì í gbà ju 12 Mbps lọ. Ẹ fi mẹ́jọ pín in, 1.5 MB ni. Lójú iṣẹ́, nǹkan bí 1 MB ló máa ń kù. USB 2.0 tó jáde ní 2000 jẹ́ 480 Mbps, ìyẹn 60 MB lórí ìwé, ó sì máa ń ṣe 30 MB dáadáa. Háàdì dísíìkì àtijọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ń bú náà lè kà tó 30 MB, èyí tó jẹ́ 240 Mbps, ìlọ́po márùn-ún ohun tí wọ́n kọ sí ara módẹ́ẹ̀mù yín àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò jẹ̀bi.

Ẹ ṣí Device Manager, ibi tí Windows ti ń to orúkọ àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, kí ẹ wo abẹ́ USB. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ náà Enhanced, ihò yín jẹ́ 2.0, a óò wá ẹ̀ṣẹ̀ síbòmíràn. Bí kò bá sí, ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé XP yín ni ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, tí kò tíì ní Service Pack 1, ìyẹn àkójọ àtúnṣe XP ti 2002 tó mú USB 2.0 wọlé, ó sì lè jẹ́ pé ihò náà gan-an ló ti pẹ́. Nígbà náà, káàdì PCI (èyí tí wọ́n máa ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì) tó ní USB 2.0 ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbé módẹ́ẹ̀mù náà lọ sára kọ̀ǹpútà tuntun ẹnìkan, níbì kan náà, ní wákàtí kan náà lóru. Bó bá kọjá 1 MB, a ti mú olè.

Ohun kan tún wà tó ń kọ mí lóminú. Láti 2014 ni wọn kò ti tún ààbò XP ṣe mọ́, fíláàṣì gbogbo ìlú ló sì ń wọ inú kọ̀ǹpútà yín. Bí owó bá wà, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó kéré lọ́jọ́ orí sàn ju káàdì lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra dísíìkì 500 GB, 465 ni kọ̀ǹpútà ń sọ. Níbo ni ìyókù wà? Láti Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ó pé. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ẹni tó ṣe dísíìkì ń kà, bí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ṣe ń kà. 1,024 ni Windows ń lò. 500 GB ti ẹni tó ṣe é jẹ́ 500,000,000,000 báìtì. Ẹ pín in sí 1,073,741,824 (1,024 lọ́nà 1,024 lọ́nà 1,024, ìyẹn GB kan ti Windows), 465 lẹ máa rí. Dísíìkì pẹlẹbẹ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 1.44 MB tiẹ̀ da méjèèjì pọ̀: 1,440 lọ́nà 1,024, ìyẹn 1,474,560 báìtì.