Kí o tó ta GTX 1060 yẹn, tú kọ̀ǹpútà rẹ wò ná

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní Ìkẹ́rẹ́ lo wà, o ń lo GTX 1060 oní-6GB (káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde) pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ i5-6500 (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti RAM 8GB ẹyọ kan, géèmù bọ́ọ̀lù rẹ kàn ń háńgì ṣáá. O wá ń bèèrè bóyá kí o ta 1060 náà, kí o fi owó kún un, kí o ra RTX 3060 tí ẹnì kan fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ láti Èkó. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ dá ọ lóhùn ní kí o rà á kíá, pé káàdì ọdún 2016 ti di ògbólógbòó. Ẹ̀gbọ́n ò parọ́, àmọ́ òun kọ́ ni yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà tí kò tàn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ná: irú power supply, ohun tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, wo ló wà nínú àpótí yẹn? Má sọ fún mi pé 500W ni wọ́n kọ sí i lára. Gbogbo wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí lára.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Èmi náà ń lo GTX 1060 níbí ní Adó. Nígbà tó yá, bí mo bá ti wọ géèmù tó wúwo, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Kò ní kọ ohunkóhun sójú kọ̀ǹpútà, yóò kàn ṣókùnkùn. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá ẹnjinníà kan tí gbogbo èèyàn ń júwe ní agbègbè Fájuyì. Ọ̀gá yìí kò tú u, kò fi nǹkan kan wọn iná rẹ̀. Ó tẹ́tí sí ariwo fáànù, ó mi orí, ó ní káàdì náà ti kú, àfi kí n ra òmíràn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní wo power rẹ̀ ná?" Háà! Ó bínú. Ó ní kí wọ́n tó bí mi lòun ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun náà ló júwe ẹni tó ń ta RX 580, káàdì mìíràn, fún mi ní ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àwọn méjèèjì jọ ń pín èrè ni.

RX 580 dé nínú mọ́tò, inú láílọ́ọ̀nù dúdú ni wọ́n wé e sí, kò sí páálí, kò sí fóòmù. A gbé e wọlé, àìsàn àná wá di ti òní tó le jù. 1060 ṣì ń jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù tán. 580 ò jẹ́ kí géèmù ṣí tán kó tó kú fin.

Mo padà lọ bá ọ̀gá. Ó ní iná NEPA ni. Mo ra stabilizer, ó tún kú. Ó ní Windows ni. Ó gba owó, ó fi Windows tuntun sí i, gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin bá a lọ. Ó tún kú. Ó ní jẹnẹrétọ̀ mi ni kò dára. Mo pe ẹni tó ta káàdì, ó ní ọjà tí wọ́n bá ti rà lọ́wọ́ òun kì í padà, pé ó wà lára rìsíìtì. Rìsíìtì wo? Kò fún mi ní ìkankan. Mo bá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí wọ́n ní iṣẹ́ wọn ni láti gbèjà oníbàárà. Màdáámù tó wà níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Géèmù? Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí?" Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn.

Ọmọ yunifásítì kan tó ń gbé ní ọ̀nà Ìwòròkò ló yọ mí. Ó tú àpótí náà, ó yí power supply sí ẹ̀gbẹ́, ó tan iná fóònù sí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Lókè, 500W, gàdàgbà. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n to nọ́ńbà tín-tìn-tín sí, ìlà kan wà tí wọ́n kọ +12V sí, iwájú rẹ̀ ni 18A. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, 12 lọ́nà 18, èló ni?" 216W ni. Orí ìlà yẹn ni káàdì àti prósẹ́sọ̀ ti ń fa iná tí wọ́n ń lò. Ìyókù tí wọ́n fi sọ ọ́ di 500 wà lórí àwọn ìlà tí káàdì rẹ kò ní í ṣe pẹ̀lú wọn. RX 580 nìkan, 185W ni AMD tó ń ṣe é kọ fún un. Prósẹ́sọ̀ mi, 65W. Pa á pọ̀, 250W. Bí ẹni ń fi agolo mílíìkì pọn omi kún àgbá ni. 1060 tí ọ̀gá ní ó ti kú, 120W péré ló ń jẹ: òun àti prósẹ́sọ̀ jẹ́ 185W, ìdí nìyẹn tó fi ń tiraka dé ibì kan kó tó dákú. Kò sí ohun tó ṣe káàdì mi. A fi power supply gidi sí i, a dá 1060 padà sáàyè rẹ̀, títí dòní ló ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá sì rántí owó stabilizer yẹn, inú mi ṣì ń ru.

RX 580 náà gan-an kì í tún ṣe ojúlówó. Nígbà tí a ṣí GPU-Z, sọ́fítíwéà tó ń fi inú káàdì hàn, shader (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán) 2048 ló ní. RX 580 tòótọ́, 2304 ni. Irú èyí, 2048SP ni wọ́n ń pè é, ọjà Ṣáínà ni wọ́n ṣe é fún, agbára RX 570 ló ní. Epo ti sun jáde lára pádì tó ń gbé ooru rẹ̀ lọ, ó ń dán lára bọ́ọ̀dù. Káàdì tí wọ́n fi wa owó Ethereum tọ̀sán-tòru ni. Láti ìgbà tí Ethereum ti pa irú ìwakùsà yẹn tì ní September 2022 ni wọ́n ti ń da irú wọn sọ́jà. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta 3060 ò bá lè fi fídíò GPU-Z rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà ara káàdì náà, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Bí GPU-Z bá kọ [FAKE] síwájú orúkọ rẹ̀, sá. Bó bá ní kí o tètè sanwó kí ẹlòmíràn má baà gbé e, jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e.

Bi í léèrè pẹ̀lú, èwo nínú 3060 ló ń tà? Méjì ló wà. Èyí tó jáde ní 2021 ní 12GB, ọ̀nà mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 192-bit. Wọ́n tún ṣe òmíràn tó ní 8GB, 128-bit, kò yára tó ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sára páálí. Ó wù mí kí ẹnì kan ní NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é, ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ó yá, ìbéèrè rẹ gan-an. O ní ó ń háńgì, o ò ní ó ń kú. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, mo sì ti fi ìrora tèmi bo tìrẹ mọ́lẹ̀. Tìrẹ, prósẹ́sọ̀ ni mo fura sí. i5-6500 ti wà láti 2015, core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) 4 ló ní, iṣẹ́ 4 péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣe báyìí: fa resolution (bí àwòrán ṣe mọ́ tó) géèmù náà wálẹ̀ láti 1080p sí 720p. Bí FPS (iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ò bá kúrò níbi tó wà, tó ṣì ń háńgì, káàdì kọ́ ló ń dá ọ dúró, 3060 ò sì ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó bá fò sókè, káàdì ni. RAM ẹyọ kan náà kò dára tó. Ra ìkejì rẹ̀ kí wọ́n di méjì, owó rẹ̀ ò sún mọ́ ti káàdì. Wò ó dáadáa o, bọ́ọ̀dù tí i5-6500 ń jókòó sí, òmíràn ń gba irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3L, òmíràn DDR4. Fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù, yí páàsítì tó ń gbé ooru rẹ̀ lọ padà, o mọ ìyẹn. Bí ooru káàdì bá ń kọjá 83°C, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eré rẹ̀ kù.

Ohun tó máa fipá lé ọ kúrò lórí 1060 ni géèmù tuntun tó ní dandan ray tracing (ọ̀nà ìyàwòrán ìmọ́lẹ̀ tí 1060 kò ní irinṣẹ́ fún). DOOM: The Dark Ages kò ní ṣí lórí rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí o rẹ nǹkan sílẹ̀ ní settings. NVIDIA náà ti dá driver géèmù (sọ́fítíwéà tó ń darí káàdì) dúró fún un ní October 2025, ti ààbò nìkan ló kù títí di October 2028. Ṣùgbọ́n bí géèmù bọ́ọ̀lù lásán lo ń gbá, èyí kò kàn ọ́ lọ́dún yìí. Prósẹ́sọ̀ rẹ tún wà níbẹ̀: Microsoft ò kà á mọ́ àwọn tó lè lo Windows 11, ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 sì ti parí ní October 2025. Owó gọbọi tí o bá kó lé bọ́ọ̀dù yẹn lórí, o máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá jẹ́ pé káàdì náà ni lóòótọ́, èmi á wo RX 6600, káàdì AMD, kí n tó wo 3060. 132W ló ń jẹ, AMD ní power supply 450W tó o. 3060 ń jẹ 170W, NVIDIA ní 550W. Fún àwa tí à ń lo inverter ní Èkìtì, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Èyíkéyìí tí o bá mú, wáyà tó ti inú power supply gidi wá ni kí o kì sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà molex (wáyà àtijọ́ tó wà fún dísíìkì) so ó pọ̀ fún ọ, mo ti rí èyí tó yọ́ mọ́ ihò káàdì. Fi DDU, sọ́fítíwéà tó ń nu driver kúrò, yọ driver àtijọ́ kí o tó gbé káàdì AMD wọlé.

Ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì power supply rẹ síbí, kí ìlà +12V hàn ketekete, kí o sì sọ ohun tí FPS ṣe ní 720p. Mo máa ń wà lórí fóònù lálẹ́ bí iná bá wà.