Omi inú kòtò àpáta tí koríko rẹ̀ ń tàn: ṣé ó ṣeé fi ṣe àlùwàlá?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Alfa. Èmi àti àwọn ará mọ́sálásí wa lọ sí etíkun ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alaásárì tó, òkun sì ti fà sẹ́yìn, la bá fẹ́ fi omi tó kù sínú kòtò àpáta ṣe àlùwàlá. Àfi bí a ṣe rí koríko kan níbẹ̀ tó ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Ẹnì kan ní epo ọkọ̀ ojú omi ni, ó ní ká ṣe tayamọ́mù (fífi ilẹ̀ tàbí òkúta tó mọ́ rọ́pò omi àlùwàlá) lórí àpáta. Ẹlòmíràn bu omi náà sínú ike, ó ní alùbáríkà ń bẹ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ta ni ká tẹ̀lé?

Ìdáhùn: Wàlékúmù sàlámù. Ẹ má tẹ̀lé ìkankan nínú wọn.

Epo ọkọ̀ máa ń léfòó, ó sì máa ń rùn. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fa koríko náà sókè kúrò nínú omi, dídán yẹn á pòórá, koríko rúsúrúsú lásán ló máa kù lọ́wọ́ yín. Ẹ wá bu omi rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, gaara ló mọ́. Ara koríko ni àwọ̀ náà wà. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Bristol ṣàlàyé pé ẹ̀kán ọ̀rá wínníwínní tó tò lẹ́sẹẹsẹ nínú rẹ̀ ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní ó pa omi láwọ̀ dà, lọ́dọ̀ àwa ọmọ Màlíkì, àwa tí à ń tẹ̀lé ìlànà Imáámù Màlíkì, ohun tó bá hù nínú omi fúnra rẹ̀ kì í ba omi jẹ́. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ nínú àmù ìyá yín ńkọ́? Ṣebí omi àmù yẹn náà lẹ fi ń ṣe àlùwàlá nílé. Wọ́n bi Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa òkun, ó ní omi rẹ̀ mọ́, ó ń mọ́ni, òkú inú rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́. Imáámù Màlíkì fúnra rẹ̀ ló gbé hádíìsì yìí wá nínú ìwé rẹ̀, Muwatta.

Ti tayamọ́mù yẹn ló bí mi nínú. “Tí ẹ kò bá rí omi” ni Ọlọ́hun wí nínú Súúrà Máídà, áyà 6. Ẹ̀yin rí omi, òkun odindi ló wà níwájú yín! Ẹni tó bá fi tayamọ́mù kírun lọ́jọ́ náà, kó tún Alaásárì yẹn kí.

Ẹni tó bu omi sínú ike ńkọ́? Ànábì kò ṣe irú ẹ̀, àwọn sàábé, ìyẹn àwọn alábàárìn rẹ̀, kò ṣe é. Tó bá dọ̀la, á ti máa tà á ní pọ́n-ùn mẹ́wàá fún àwọn tó ń wá ọmọ. Kó lọ dà á padà síbi tó ti bù ú, kó sì rọra máa gbẹ́sẹ̀, àpáta ibẹ̀ ń yọ̀.