Sí arábìnrin tó béèrè nípa kókó ọrùn àti ínsúlíìnì

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ara yín ò gbọ́ ti ínsúlíìnì, èròjà ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mọ́, wọ́n tún bá kókó nínú táírọ́ìdì yín, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọrùn, ẹ wá ń béèrè bóyá ọ̀kan ló fa èkejì, àti bóyá metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, á tán an.

Ó lè lọ́wọ́ sí i. Ínsúlíìnì kì í ṣe ti ṣúgà nìkan, ó máa ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Bí ara ò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣe ni ara á túbọ̀ máa tú u jáde, èyí tó pọ̀ lápọ̀jù yẹn sì lè máa mú táírọ́ìdì wú. Àwọn olùwádìí ní Ajẹntínà rí i pé táírọ́ìdì àwọn obìnrin tó ní ìṣòro yìí tóbi ju tàwọn yòókù lọ, kókó sì pọ̀ lára wọn. Pé méjèèjì jọ ń rìn kò ní kí ọ̀kan bí èkejì o.

Èmi náà ní irú kókó yìí. Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí kàn fọwọ́ tẹ ọrùn mi ni, ó ní kí n lọ wá owó iṣẹ́ abẹ. Kò ní kí n ya scan, kò ní kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Mo bi í pé ṣé jẹjẹrẹ ni, ó ń kọ̀wé lọ, kò gbójú sókè. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Lóru, màá máa tẹ ọrùn bóyá ó ti tóbi sí i, màá máa ro ẹni tó máa bá mi tọ́ ọmọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé nínú irú kókó yìí 100, ó lé ní 90 tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Gbólóhùn kan péré! Inú ṣì ń bí mi. Ọsibítù míì ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Gígún un ò le tó dídúró de èsì. Kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Nítorí náà, ẹ ya scan, ẹ yẹ TSH wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí táírọ́ìdì ṣe ń ṣiṣẹ́; scan ló máa sọ bóyá abẹ́rẹ́ yẹ. Kẹ́nikẹ́ni má tíì fọ̀bẹ kàn yín ná.

Bí ẹ bá ń lo biotin, fítámì kan, nítorí irun, ẹ dá a dúró fún ó kéré tán ọjọ́ 2 kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ba èsì táírọ́ìdì jẹ́. Ẹ sá fún àwọn alágbo tó ń ṣèlérí pé gẹ̀gẹ̀ á yọ́. Ẹ sì wo ẹ̀yìn ọrùn yín: tèmi dúdú, ó nípọn, wọ́n ní mi ò fọ ọrùn ni, àṣé àmì pé ara mi ò gbọ́ ti ínsúlíìnì mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣúgà tí wọ́n ń yẹ̀ wò láàárọ̀ kí n tó jẹun dára ní gbogbo ìgbà yẹn.

Metformin? Kókó àwọn kan súnkì nígbà tí wọ́n lò ó, ti àwọn míì ò yí padà. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín nítorí ínsúlíìnì, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má fi rọ́pò scan. Bí ohùn yín bá há tí kò là, tàbí tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.